Ìjìnnà Ìlú Méjì àti Àkókò Ìrìn Ọkọ̀ Òfurufú Láàrin Wọn: Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù àti Èkó sí New York

1. Ìfáàrà

Bí ènìyàn bá béèrè bí Lọ́ńdọ̀nù ti jìnnà tó sí Èkó, ìdáhùn tí yóò rí gbà kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹnì kan lè wí pé kìlómítà 5,000 ni. Ẹlòmíràn lè wí pé wákàtí mẹ́fà àbọ̀ ni. Ẹni kẹta, tí ó wo tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, lè wí pé aago mọ́kànlá alẹ́ ni òun yóò gbéra, aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ni òun yóò sì dé. Òótọ́ ni gbogbo wọn sọ, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n wọ̀n yàtọ̀ síra.

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ohun mẹ́ta ni a máa ń dà pọ̀ mọ́ ara wọn nínú ọ̀rọ̀ báyìí:

(1) (a) ìjìnnà ìlú kan sí èkejì lórí ilẹ̀ ayé;
(b) ọ̀nà tí ọkọ̀ gbà gan-an;
(d) àkókò tí ìrìn náà gbà.

(1a) kì í yí padà. (1b) àti (1d) a máa yí padà láti ọjọ́ dé ọjọ́. Ẹni tí ó bá fi ọ̀kan dáhùn ìbéèrè tí ó jẹ́ ti èkejì yóò ṣi ìṣirò. Bí a ó sì ti rí i ní ìpín 6, owó lè ti ọwọ́ ẹni lọ nípa bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí wa. Kí máìlì àti kìlómítà tó dé, àkókò ni àwọn Yorùbá fi ń wọn ọ̀nà jíjìn. Wọn a ní ìlú kan wà ní ìrìn ọjọ́ kan, òmíràn ní ìrìn ọjọ́ márùn-ún. Ìwọ̀n yìí wúlò fún ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn, nítorí pé ó ti ka òkè, odò àti ẹrẹ̀ mọ́ ọ̀nà. Àléébù rẹ̀ ni pé ìrìn ọjọ́ kan ti ẹlẹ́ṣin kì í ṣe ìrìn ọjọ́ kan ti ẹlẹ́rù. Bí ohun ìrìn bá yí padà, ìwọ̀n náà yóò yí padà. Ọkọ̀ ojú omi tí ń jẹ́ Aureol, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí ná Èkó láti Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1951, a máa lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lójú òkun. Ọkọ̀ òfurufú òde òní ń lo wákàtí mẹ́fà sí méje láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù. Ilẹ̀ kò súnkì. Ohun ìrìn ni ó yí padà.

Ní ti èdè tí a fi kọ iṣẹ́ yìí, iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó ṣeé ṣe níbẹ̀ yẹ kí ó ṣeé ṣe ní yunifásítì pẹ̀lú.

2. Ìjìnnà lórí ilẹ̀ ayé

2.1 Ibi tí ìlú wà

Kí a tó lè wọn ìjìnnà, a ní láti mọ ibi tí ìlú kọ̀ọ̀kan wà. Oríṣi ìlà méjì ni a fi ń mọ èyí. Àwọn ìlà ìdábùú ni a fà yí ayé po ní ìbú. Láti ìlà agbedeméjì ayé, tí í ṣe 0°, ni a ti ń kà wọ́n lọ sí àríwá tàbí sí gúúsù títí dé 90°. Àwọn ìlà òòró ni ó ti òpin àríwá ayé lọ dé òpin gúúsù. Láti Greenwich ní Lọ́ńdọ̀nù ni a ti ń kà wọ́n lọ sí ìlà-oòrùn tàbí sí ìwọ̀-oòrùn títí dé 180°. Ìpàdé kan tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Washington ní ọdún 1884 ni ó yan Greenwich fún èyí.

Ṣùgbọ́n ìlú kì í ṣe ojú kan ṣoṣo. Láti Bàdágírì dé Ẹ̀pẹ́, ìpínlẹ̀ Èkó kan náà ni. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ ti ọkọ̀ òfurufú, pápá ọkọ̀ òfurufú sí pápá ọkọ̀ òfurufú ni à ń wọ̀n. Mẹ́ta tí a ó lò nìyí:

(2) Èkó (Ìkẹjà): 6.58° àríwá, 3.32° ìlà-oòrùn
Lọ́ńdọ̀nù (Heathrow): 51.47° àríwá, 0.45° ìwọ̀-oòrùn
New York (Kennedy): 40.64° àríwá, 73.78° ìwọ̀-oòrùn

2.2 Òbíríkítí ńlá

Ayé rí rogodo. Kò sí ẹni tí ó lè fa ìlà tí ó tọ́ gbọọrọ láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù àfi kí ó gba inú ilẹ̀ kọjá. Ọ̀nà tí ó kúrú jù lọ lórí ilẹ̀ ni a ń wá. Bí a bá fi ọ̀bẹ la ọsàn sí méjì ọgbọọgba, tí ọ̀bẹ náà sì gba àárín gbùngbùn rẹ̀ kọjá, etí ibi tí a là ni òbíríkítí tí ó tóbi jù lọ tí a lè fà sí ara ọsàn náà. Bákan náà ni ti ayé. Òbíríkítí tí àárín rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú àárín ayé ni a ó máa pè ní òbíríkítí ńlá nínú iṣẹ́ yìí. Apá rẹ̀ tí ó kúrú láàrin ìlú méjì ni ọ̀nà tí ó kúrú jù lọ láàrin wọn. Ẹni tí ó bá ní àwòrán ayé rogodo lọ́wọ́ lè na òwú láti ìlú kan dé èkejì kí ó sì fà á le. Ibi tí òwú náà bá gbà ni òbíríkítí ńlá gbà.

2.3 Ìṣirò rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a pe ìdábùú ìlú kìn-ín-ní ní A, ti ìlú kejì ní B, ìyàtọ̀ òòró wọn ní L, kí a sì pe igun tí àwọn ìlú méjèèjì dá ní àárín ayé ní d. Bí sine àti cosine ti ń ṣiṣẹ́ nínú ìwé ìṣirò, báyìí ni:

(3) cos d = (sin A × sin B) + (cos A × cos B × cos L)

Lẹ́yìn tí a bá ti rí d, a ó fi 111.2 sọ ọ́ di púpọ̀, nítorí pé dígíríì kan lórí òbíríkítí ńlá jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 111.2.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí a kíyè sí nípa L. Ìlà-oòrùn Greenwich ni Èkó wà. Ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ ni Heathrow àti New York wà. Bí ìlú méjì bá wà ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ẹ̀gbẹ́ Greenwich, ṣe ni a ń ro òòró wọn pọ̀, a kì í yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Nítorí náà, L láàrin Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ 3.77°, láàrin Èkó àti New York, ó jẹ́ 77.10°.

Fún Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, ìṣirò (3) fún wa ní 0.7071. Igun tí cosine rẹ̀ jẹ́ èyí ni 45°. Èyí rọrùn láti rántí, nítorí pé 45° jẹ́ ìdá mẹ́jọ gbogbo àyíká ayé. Ẹni tí ó bá fò láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù ní ìlọ́po mẹ́jọ ti yí ayé ká lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀nà mìíràn tún wà tí a lè fi yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Faransé ń dá mítà sílẹ̀ ní ọdún 1791, wọ́n ní kí mítà kan jẹ́ ìdá mílíọ̀nù mẹ́wàá ọ̀nà tí ó wà láti òpin àríwá ayé dé ìlà agbedeméjì. Ọ̀nà yẹn, tí í ṣe 90°, jẹ́ kìlómítà 10,000. Ìdajì rẹ̀, tí í ṣe 45°, jẹ́ kìlómítà 5,000. Ìṣirò tiwa fún wa ní 5,004. Ìyàtọ̀ díẹ̀ ṣì wà, nítorí pé ayé kì í ṣe rogodo pátápátá. Ó tẹ́ díẹ̀ ní òpin àríwá àti gúúsù. Bí a bá ka títẹ́ yìí mọ́ ọn, ìjìnnà náà yóò fi nǹkan bí kìlómítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dín sí 5,004.

Fún Èkó sí New York, apá kìn-ín-ní ìṣirò (3) jẹ́ 0.0746, èkejì jẹ́ 0.1683, àpapọ̀ wọn jẹ́ 0.2429. Igun rẹ̀ jẹ́ 75.94°, ìjìnnà rẹ̀ sì jẹ́ kìlómítà 8,444.

Àwọn awakọ̀ òfurufú kì í sábà lo kìlómítà. Wọ́n pín dígíríì kan sí ọgọ́ta, wọ́n sì pe ìdá kan nínú rẹ̀ ní máìlì ojú òkun kan, tí í ṣe mítà 1,852. Nítorí náà, 45° jẹ́ 2,700 nínú irú máìlì bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá rí 2,700 níbì kan, tí ó sì rí 5,000 níbòmíràn, kò gbọdọ̀ rò pé ọ̀kan nínú wọn jẹ́ irọ́.

3. Ohun tí máàpù ń ṣe sí ojú wa

Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà òòró kan náà. Nítorí èyí, ẹni tí ó fi rúlà fa ìlà láàrin wọn lórí máàpù ògiri kò ní ṣìnà. Èyí ni ó ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ibi gbogbo ni rúlà ti lè ṣe iṣẹ́ náà. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Máàpù tí ó wọ́pọ̀ jù lára ògiri kíláàsì ni èyí tí Gerardus Mercator gbé jáde ní ọdún 1569. Fún àwọn atukọ̀ ojú òkun ni ó ṣe é. Bí wọ́n bá fa ìlà tí ó tọ́ lórí rẹ̀, tí wọ́n sì di ojú ìwọ̀n kọ́ńpáàsì kan mú láìyẹsẹ̀, wọn yóò dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n kí èyí tó lè ṣeé ṣe, ó ní láti na ilẹ̀ tí ó jìnnà sí agbedeméjì ayé. Ní 60° àríwá, àyíká ayé jẹ́ ìdajì ti agbedeméjì péré. Síbẹ̀, gígùn kan náà ni máàpù yìí fún àwọn méjèèjì. Nítorí náà, ìlà tí ó tọ́ lórí máàpù kì í ṣe ọ̀nà tí ó kúrú jù lọ lórí ilẹ̀.

Láàrin Èkó àti New York, ìlà orí máàpù jẹ́ kìlómítà 8,575. Òbíríkítí ńlá jẹ́ 8,444. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 131. Èyí kò pọ̀, nítorí pé Èkó súnmọ́ agbedeméjì ayé. Kí a lè rí bí ìyàtọ̀ náà ti ń pọ̀ sí i, ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀nà kẹta wá, èyí tí ìlú méjèèjì rẹ̀ jìnnà sí agbedeméjì ayé tí wọ́n sì tún jìnnà síra ní òòró: Lọ́ńdọ̀nù sí Tókíò ní Jàpáánì. Ìlà orí máàpù láàrin wọn jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 11,350. Òbíríkítí ńlá jẹ́ nǹkan bí 9,600. Ẹni tí ó fi rúlà wọ̀n ọ́n ti fi nǹkan bí 1,750 kún ọ̀nà, èyí tí ó ju wákàtí méjì lọ nínú ọkọ̀ òfurufú. Ìdí nìyí tí ọ̀nà ọkọ̀ òfurufú fi máa ń tẹ̀ kọrọdọ lórí máàpù. Ọ̀nà kọ́ ni ó tẹ̀. Máàpù ni ó tẹ̀ ẹ́.

4. Ọ̀nà tí ọkọ̀ gbà gan-an

Òbíríkítí ńlá ni ìwọ̀n tí ó kéré jù lọ. Kò sí ọkọ̀ tí ó lè rìn kúrú jù ú lọ. Ohun tí ó sábà ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọkọ̀ a máa rìn jù ú lọ díẹ̀. Ó ní ibi tí ó gbọ́dọ̀ gbà kúrò ní pápá, ó ní ibi tí ó gbọ́dọ̀ gbà wọlé, ó sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ọ̀nà tí àwọn olùdarí ọkọ̀ òfurufú bá là fún un.

Ọ̀rọ̀ ìlú pẹ̀lú wà níbẹ̀. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni ó ni òfurufú tí ó wà lókè ilẹ̀ rẹ̀. Láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, òfurufú orílẹ̀-èdè Niger àti ti Àlgéríà wà lára ibi tí ọkọ̀ sábà ń gbà. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niger ní oṣù keje ọdún 2023, wọ́n ti òfurufú wọn pa ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ. Ó di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án kí wọ́n tó ṣí i padà. Ní gbogbo àkókò yẹn, ọkọ̀ tí ń ti Nàìjíríà lọ sí Yúróòpù ní láti yà bàrá gba ibòmíràn. Ti Lọ́ńdọ̀nù sí Tókíò tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òkè ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni òbíríkítí ńlá rẹ̀ gbà. Nígbà tí ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine gbòòrò ní ọdún 2022, tí Rọ́ṣíà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti òfurufú mọ́ ọkọ̀ ara wọn, ìrìn tí ń gba nǹkan bí wákàtí méjìlá di ti nǹkan bí mẹ́rìnlá. Ìjìnnà Lọ́ńdọ̀nù sí Tókíò kò fi mítà kan yí padà.

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ méjì tún ń ná ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ará Èkó bá gba Addis Ababa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, yóò rin nǹkan bí kìlómítà 3,900 lọ́nà kìn-ín-ní àti 5,900 lọ́nà kejì. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 9,800, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ìjìnnà ìlú méjèèjì.

5. Àkókò

5.1 Eré ọkọ̀

Ọkọ̀ òfurufú ńlá òde òní a máa sá tó kìlómítà 870 láàrin wákàtí kan nígbà tí ó bá ti gòkè tán. Bí a bá fi 870 pín 5,000, a ó rí wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eré yẹn. Yóò rìn lórí ilẹ̀, yóò gòkè, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò tún rìn lórí ilẹ̀. Àkókò tí ó wà nínú ìwé ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ni èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ̀ kúrò ní ìdúró rẹ̀ títí di ìgbà tí ó tún dúró. Bí a bá fi nǹkan bí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta kún un, ó di wákàtí mẹ́fà àbọ̀, èyí tí ó bá ohun tí àwọn arìnrìn-àjò ń rí mu.

5.2 Afẹ́fẹ́

Eré tí a sọ yìí jẹ́ eré ọkọ̀ nínú afẹ́fẹ́, kì í ṣe lórí ilẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ náà bá ń rìn, yóò gbé ọkọ̀ lọ tàbí kí ó dá a padà, gẹ́gẹ́ bí odò ti ń ṣe sí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n. Ní nǹkan bí kìlómítà mẹ́wàá sókè, ìṣàn afẹ́fẹ́ líle kan wà láàrin ìlà agbedeméjì àti òpin àríwá ayé, tí ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀gbẹ́ ni ó ti ń fẹ́ lu ọkọ̀. Nítorí náà, àlọ àti àbọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Láti Èkó sí New York, iwájú ni ọkọ̀ ń bá a pàdé ní àlọ; ẹ̀yìn ni ó ti ń tì í ní àbọ̀.

Ká ní afẹ́fẹ́ náà jẹ́ 80 láàrin wákàtí kan ní gbogbo ọ̀nà. Ní àlọ, eré ọkọ̀ lórí ilẹ̀ yóò di 790, ìrìn náà yóò sì gba wákàtí 10.7. Ní àbọ̀, yóò di 950, yóò sì gba wákàtí 8.9. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 19.6. Bí kò bá sí afẹ́fẹ́ rárá, àlọ àti àbọ̀ ì bá jẹ́ 19.4. Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé ohun tí afẹ́fẹ́ gbà ní àlọ, kì í dá gbogbo rẹ̀ padà ní àbọ̀. Ìdí ni pé ọkọ̀ ń pẹ́ lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ tí ń dá a dúró ju bí ó ti ń pẹ́ lọ́wọ́ èyí tí ń tì í lọ.

5.3 Aago

Nàìjíríà kì í yí aago padà. Ní gbogbo ọdún, wákàtí kan ni ó fi ṣáájú aago Greenwich. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń yí tirẹ̀ padà: láti ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù kẹta títí di ti oṣù kẹwàá, aago wọn bá tiwa dọ́gba, ní àwọn oṣù yòókù, ó fi wákàtí kan rẹ̀yìn. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó gbéra ní Èkó ní aago mọ́kànlá alẹ́ nínú oṣù kìn-ín-ní, tí ó sì lo wákàtí mẹ́fà àbọ̀, fi dé Lọ́ńdọ̀nù ní aago mẹ́rin àbọ̀, kì í ṣe márùn-ún àbọ̀.

Ti New York tún fẹ́ ìfara-balẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìgbà òtútù, aago wọn fi wákàtí mẹ́fà rẹ̀yìn sí tiwa.

(4) (a) Àlọ: ó gbéra ní Èkó ní aago mọ́kànlá alẹ́; ó dé New York ní aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí. Aago sọ pé wákàtí 5½.
(b) Àbọ̀: ó gbéra ní New York ní aago méjìlá ọ̀sán, ó dé Èkó ní aago mẹ́rin ìdájí. Aago sọ pé wákàtí 16.

Kò sí èyí tí ó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì. Bí a bá fi mẹ́fà kún ti àlọ, a ó rí 11½; bí a bá yọ mẹ́fà kúrò nínú ti àbọ̀, a ó rí 10. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ aago ìlú méjèèjì tún ní ọ̀nà àbáyọ kan. Kí ó ro 5½ àti 16 pọ̀, kí ó pín in sí méjì. Yóò rí 10¾, èyí tí í ṣe ìdajì àpapọ̀ 11½ àti 10. Ohun tí aago yọ ní àlọ ni ó fi kún un ní àbọ̀, wọ́n sì pa ara wọn rẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí kò lè sọ iye tí àlọ nìkan tàbí àbọ̀ nìkan gbà fún un.

6. Níbi tí ìyàtọ̀ yìí ti di ọ̀rọ̀ owó

Ní ọdún 2004, Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ṣe òfin kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 261, tí ó fún arìnrìn-àjò ní owó gbà-máà-bínú bí wọ́n bá fagi lé ọkọ̀ rẹ̀. Ìjìnnà ni wọ́n fi pín owó náà: Euro 250 fún ọ̀nà tí kò ju kìlómítà 1,500 lọ, 400 fún ti àárín, 600 fún èyí tí ó gùn jù. Àwọn ilé-ẹjọ́ sì ti fi ọkọ̀ tí ó pẹ́ tó wákàtí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún un. Òfin náà sọ pé òbíríkítí ńlá ni kí a fi wọ̀n ọ́n.

Síbẹ̀, ẹjọ́ dé. Àwọn arìnrìn-àjò kan ti Róòmù lọ sí Hamburg, wọ́n sì gba Brussels. Òbíríkítí ńlá láti Róòmù sí Hamburg jẹ́ 1,326. Ṣùgbọ́n àpapọ̀ ọ̀nà méjèèjì tí wọ́n fò jẹ́ 1,656. Bí a bá tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́, 250 ni ẹ̀tọ́ wọn. Bí a bá tẹ̀ lé ti èkejì, 400 ni. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, ilé-ẹjọ́ gíga ti Ìṣọ̀kan náà dájọ́ pé ibi tí wọ́n ti gbéra àti ibi tí wọ́n ń lọ gan-an ni à ń wò, kì í ṣe ibi tí wọ́n yà sí. (1a) ni òfin mú, kò mú (1b). Àlàyé ilé-ẹjọ́ náà ni pé yíyà tí èrò yà kò fi kún ìnira pípẹ́ tí ó bá a.

7. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ìbéèrè kan ṣoṣo lórí ahọ́n lè jẹ́ mẹ́ta nínú ìtumọ̀. Ìjìnnà ìlú méjì ni òbíríkítí ńlá ń wọ̀n, kì í sì í yí padà. Ọ̀nà ọkọ̀ ń tẹ̀ lé ìlànà olùdarí, ogun àti ìjọba. Àkókò ń tẹ̀ lé eré, afẹ́fẹ́ àti aago ìlú tí a ń lọ. Ẹni tí yóò kọ̀wé fún ilé-ẹ̀kọ́, tí yóò túmọ̀ ìròyìn, tàbí tí yóò béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ èyí tí ó ń wí.

Èdè wa kò ní ìṣòro láti ṣe èyí. *Ìjìnnà* lè dúró fún (1a), *ọ̀nà* fún (1b), *ìrìn* fún (1d), gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti ń lò ó nígbà tí wọ́n bá ní ìrìn ọjọ́ mẹ́ta. Àbá tí iṣẹ́ yìí mú wá ni pé kí àwọn tí ń kọ ìwé ìmọ̀ ilẹ̀ ayé ní Yorùbá ya ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n sì lò wọ́n bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé dé òpin rẹ̀.